Pípa Ọ̀rá Lẹ́nu Mọ́: Bí Ẹ̀rọ MRI Ṣe Ń Ya Ohùn Omi Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ohùn Ọ̀rá

Ìfáárà

Ìyá àgbà kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ti ń tiro fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ya àwòrán X-ray ìbàdí rẹ̀, wọn kò rí ohun tí ó tó sọ níbẹ̀. Wọ́n wá ní kí ó lọ ya èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MRI. Ọmọ náà lọ, ó sì padà wálé pẹ̀lú àwòrán àti ìwé àbájáde tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ìyá yìí pé nínú àwọn àwòrán kan, àwọn yọ ọ̀rá kúrò. Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé wọ́n yọ́ ọ̀rá. Ó ní, ‘Ọmọ mi, ọmọ yìí tí kò lẹ́ran lára tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ sí?’

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Yọ àti yọ́: ohùn kan péré ni ó wà láàárín wọn, àmọ́ ohùn kan náà ti fẹ́ gba ìtọ́jú lọ́wọ́ aláìsàn, nítorí ìyá yìí ti pinnu pé ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwòsàn mọ́. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kì í ṣe ìyá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dí lójú. Èmi gan-an, tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní gbólóhùn Yorùbá kan tí mo lè fi gbé e kalẹ̀ ní tààrà.

Àwọn tí wọ́n rò pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ṣeé fi Yorùbá kọ́ ti gba èsì láti ọdún 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìgbìyànjú kékeré ní ipasẹ̀ wọn ni èyí. Ohun tí a ó ṣàlàyé ni ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá kí ọ̀rá má baà bo àìsàn mọ́lẹ̀ nínú àwòrán MRI. Mo pè é ní pípa ọ̀rá lẹ́nu mọ́. Ìdí tí mo fi yan orúkọ yìí yóò hàn bí àlàyé bá ṣe ń lọ.

Òkòtó inú òòfà

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í ríran. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́. X-ray ń ta ìtànṣán gba inú ara kọjá, òjìji egungun ni ó sì ń yà. MRI kò ta irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Òòfà ńlá ni, ihò gbọọrọ tàbí àlàfo kan sì wà láàárín rẹ̀ tí aláìsàn ń sùn sí. Ohun tí ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ara ni kóró háídírójìn. Háídírójìn wà nínú omi, ó sì wà nínú ọ̀rá. Nítorí pé omi àti ọ̀rá ni ó kún inú ara ènìyàn, kò sí ibi tí ẹ̀rọ yìí kò ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ta òkòtó rí ní kékeré mọ̀ pé bí òkòtó ṣe ń pòòyì lójú kan, orí rẹ̀ tún máa ń rọra mì yípo, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ ṣubú. Kóró háídírójìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú òòfà. Bí òòfà bá ṣe lágbára tó ni yíyípo orí rẹ̀ ṣe ń yá tó. Tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà. Nínú òòfà 1.5 Tesla, orí òkòtó yìí ń yípo ní ìwọ̀n ìgbà mílíọ̀nù 64 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú òòfà 3 Tesla, ó di ìlọ́po méjì.

Bí ẹ̀rọ bá wá rán ìgbì rédíò sí ara, tí ìgbì náà sì ń mì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú òkòtó, àwọn òkòtó yóò gbọ́, wọn yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìgbì náà bá dákẹ́, àwọn pẹ̀lú yóò máa dá ìgbì tiwọn padà bí wọ́n ṣe ń padà sípò. Ìgbì tí wọ́n ń dá padà yìí ni mo ń pè ní ohùn. Bí a ṣe ń mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti wá jẹ́ ìtàn mìíràn. Paul Lauterbur ni ó kọ́kọ́ tẹ ọ̀nà rẹ̀ jáde ní ọdún 1973, Peter Mansfield tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2003. Kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ohùn di àwòrán: ibi tí ohùn bá ti ròkè á funfun, ibi tí ohùn kò bá sí á dúdú.

Ọ̀rá aláriwo

Nínú ìjọ àwọn tí ń dáhùn yìí, ọ̀rá ni ó máa ń pariwo jù. Ìdí rẹ̀ ni pé òkòtó ọ̀rá kì í pẹ́ padà sípò lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú òòfà 1.5 Tesla, àkókò ìpadàsípò ọ̀rá tó nǹkan bíi 250 nínú ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ti ẹran ara sún mọ́ 900, ti omi tí ó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká sì tó 4000. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá pè lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rá ti múra tán láti dáhùn nígbà tí omi ṣì ń na ara. Nínú àwòrán tí a fi ń wo bí ara ṣe rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rá a máa funfun, omi a sì dúdú. Èyí kò burú.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nínú oríṣi àwòrán kejì, èyí tí a fi ń wá àìsàn. Ọ̀pọ̀ àìsàn ni ó máa ń fa omi wá sí ibi tí ó bá wà: egungun tí ó sán, oríkèé tí ó wú, kókó tí ó ń hù, ibi tí kòkòrò ti wọlé. Oníṣègùn fẹ́ kí omi yẹn funfun kí ojú lè tètè rí i. Ṣùgbọ́n nínú irú àwòrán yìí, bí a ṣe ń yà á kíákíá lóde òní, ọ̀rá pẹ̀lú ń funfun. Funfun wá ń fara pamọ́ sínú funfun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ẹyin sínú òwú ni kí ó sọ bí ó ti rí.

Kò sí ibi tí èyí ti léwu tó inú egungun. Mùdùnmúdùn inú egungun ẹsẹ̀ àti apá àgbàlagbà, ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí bí ó bá sán wẹ́rẹ́, omi díẹ̀ ni ó máa kọ́kọ́ wọ inú mùdùnmúdùn náà, ọ̀rá a sì bò ó. Bí ó ṣe rí nínú ihò ojú náà nìyẹn, níbi tí iṣan ìríran ti gba àárín ọ̀rá kọjá lọ sínú ọpọlọ. Bí iṣan náà bá wú, ọ̀rá tí ó yí i ká lè máà jẹ́ kí a mọ̀.

Ohun tí a ń fẹ́, nígbà náà, ni kí ọ̀rá dákẹ́ nígbà tí omi bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. A kò dín in kù, a kò mú un gbóná, a kò fọwọ́ kàn án. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni a pa mọ́, fún ìwọ̀nba àkókò tí a fi ń gbọ́ ẹlòmíràn.

Pípe orúkọ ọ̀rá

Ọ̀nà àkọ́kọ́ dá lórí pé òkòtó omi àti òkòtó ọ̀rá kì í yípo ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Nínú omi, ara ọ́síjìn ni háídírójìn so mọ́. Ọ̀kánjúà ni ọ́síjìn. Ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bo háídírójìn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń fi kóró háídírójìn sílẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ ní aṣọ lára. Nínú ọ̀rá, ara kábọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ háídírójìn so mọ́. Kábọ́ọ̀nù kò ní ìwọra tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà aṣọ ara kóró háídírójìn nípọn. Ẹni tí ó bora kì í gbọ́ òtútù bí ẹni tí kò bora. Kóró inú ọ̀rá kò gbọ́ agbára òòfà tó ti inú omi, ó sì ń yípo lọ́ra jù ú lọ díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn kéré gan-an. Bí òkòtó omi bá yípo ní ìgbà mílíọ̀nù kan, ti ọ̀rá yóò fi bí ìgbà 3.5 rẹ̀yìn. Àmọ́ nítorí pé eré náà pọ̀, ìyàtọ̀ náà ń hàn: nínú òòfà 1.5 Tesla, ó tó ìgbà 220 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú òòfà 3 Tesla ó tó 440.

A mọ bí onídùndún ṣe ń ṣe lóde àríyá. Bí ó bá fi ìlù ki ẹnì kan ní oríkì rẹ̀, ẹni náà nìkan ni yóò dìde jó, àwọn yòókù á jókòó. Ẹ jẹ́ kí a wá rò ó pé onídùndún yìí jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó kọ́kọ́ ki ọ̀rá nìkan, ó jẹ́ kí ó jó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀rá tó mí tán, ó yí ìlù padà, ó ki gbogbo ilé. Omi dìde, ọ̀rá kò lè dìde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ó ń kọ́kọ́ rán ìgbì rédíò tí ó bá yíyípo ọ̀rá nìkan mu, ó ń da ohùn tí ó bá jáde láti ibẹ̀ rú, lójú ẹsẹ̀ ni yóò sì ya àwòrán. Axel Haase, Jens Frahm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Göttingen, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1985, wọ́n sì pè é ní CHESS.

Ọ̀nà yìí yára, ó sì dára, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí agbára òòfà dọ́gba káàkiri gbogbo ibi tí a ń yà. Ọrùn, ọrùn-ẹsẹ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé ẹran ara kì í jẹ́ kí ó dọ́gba. Irin tí wọ́n fi de egungun ẹni tí ọkọ̀ ti ṣe léṣe rí burú ju gbogbo wọn lọ. Bí agbára òòfà bá yẹ̀ níwọ̀n 3.5 nínú mílíọ̀nù péré, omi ibẹ̀ yóò máa yípo bí ẹni pé ọ̀rá ni. Ẹ̀rọ yóò wá ki omi ní oríkì ọ̀rá, yóò pa omi lẹ́nu mọ́, ọ̀rá á sì máa pariwo nìṣó. Ìyẹn ni pé àìsàn tí à ń wá gan-an ni a fi ọwọ́ ara wa bò. Dókítà tí kò bá fura lè kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan. Kí n tó gbàgbé: ọ̀rá kan tilẹ̀ wà, èyí tí ó so mọ́ ibi tí kábọ́ọ̀nù méjì ti dì mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, tí yíyípo rẹ̀ sún mọ́ ti omi. Ìyẹn kì í gbọ́ oríkì ọ̀rá rárá, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí wa

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òòfà 1.5 tàbí 3 Tesla ni ó máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ wo ni ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà yóò bá pàdé bí ó bá wọkọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tí ó tilẹ̀ lọ jìnnà ju Iléṣà lọ? Ní ọdún 2018, Godwin Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Pan African Medical Journal. Ẹ̀rọ MRI 84 péré ni wọ́n kà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Nàìjíríà ni òòfà wọn kò lágbára púpọ̀. Ó ní ìdí. Òòfà ńlá nílò gáàsì híliọ́mù tí a sọ di omi kí ó lè máa tutù, ó sì nílò iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú. Òòfà kékeré tí a fi irin olóòfà ṣe kò béèrè híliọ́mù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ńlá.

Nínú òòfà 0.35 Tesla, ìyàtọ̀ láàárín yíyípo omi àti ti ọ̀rá kò ju nǹkan bí ìgbà 50 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orúkọ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Onídùndún tí ó bá fẹ́ pe ọ̀kan láìpe èkejì ní láti fa ìlù rẹ̀ gùn kí ohùn ibẹ̀ lè yanjú. Bí ó bá sì ti ń fà á gùn ni ọ̀rá, tí kì í pẹ́ sinmi, ń rí ààyè mí. Ọ̀nà CHESS kò wúlò níbẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé a kò ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà tí ó kù kò bìkítà nípa orúkọ, òun ni mo sì gbà pé ó yẹ kí a mọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa.

Ọgbọ́n òṣómàáló

Graeme Bydder àti Ian Young ni wọ́n ṣàlàyé ìlò rẹ̀ fún àìsàn ní ọdún 1985, láti Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pè é ní STIR. Àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò nílò láti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó yé e. Gbogbo wa ni a mọ òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tí ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á ní orí ìlóṣòó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Iṣẹ́ òṣómàáló kò ju mímọ àkókò lọ. Ó mọ ẹni tí ń tètè san, ó mọ ẹni tí ń fi falẹ̀.

Nínú STIR, ìgbì àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ń rán kì í tẹ òkòtó sí ẹ̀gbẹ́. Dídorí ni ó ń dorí rẹ̀ kodò. Ẹ jẹ́ kí a pe dídorí-kodò yìí ní gbèsè. Ká sọ pé ẹni tí ó ní ₦100,000 tẹ́lẹ̀ ṣàdédé di ẹni tí ó jẹ ₦100,000. Láti padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, ọ̀nà ₦200,000 ni yóò rìn. Gbogbo òkòtó inú ara ni ó bọ́ sínú gbèsè kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń san án ni pé láàárín àkókò kan pàtó, a máa rìn ìdajì ọ̀nà tí ó kù. Láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀ mìíràn, a tún rìn ìdajì èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá rìn ín dé ibẹ̀ kò jẹ gbèsè mọ́, kò sì tíì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Òfo ni. Nínú òòfà 1.5 Tesla, ọ̀rá ń dé òfo lẹ́yìn nǹkan bíi 170 nínú ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní àkókò yẹn, ẹran ara ṣì jẹ nǹkan bíi ₦65,000, omi tí ó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká sì jẹ ju ₦90,000 lọ. Ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an ni òṣómàáló kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ń béèrè ohùn lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀rá kò ní ohun tí yóò mú jáde, ó dákẹ́. Àwọn yòókù ń fọhùn, nítorí pé nínú ìwé ìṣirò ẹ̀rọ yìí, iye owó nìkan ni à ń kọ, a kì í kọ bóyá gbèsè ni tàbí ọrọ̀. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Omi àìsàn, tí í falẹ̀ láti san gbèsè, á wá funfun báláú lórí mùdùnmúdùn tí ó dúdú.

Bí òòfà kò bá dọ́gba dáadáa, kò ṣe STIR ní nǹkan púpọ̀, torí pé kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí òòfà bá kéré, ọ̀rá á kàn tètè san gbèsè rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, òṣómàáló á sì tètè dé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ kékeré. Ó ní iye tí à ń san sí i. Gbogbo ohùn ni ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀rá nìkan, àwòrán a sì máa rí bí ẹni tí a bu yanrìn wẹ́wẹ́ sí. Yíyà rẹ̀ tún máa ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìrora ń mú kò lè dúró jẹ́ẹ́ títí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lò ó há sórí. Òṣómàáló yìí kò mọ ọ̀rá. Ẹni tí ó bá wà ní òfo ní àkókò tí ó dé nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà sínú ara fún ọjọ́ mélòó kan bá ń san gbèsè ní ìwọ̀n eré ọ̀rá, òun náà á dákẹ́, a ó sì ṣì í pè ní ọ̀rá. Oògùn gadolinium, tí wọ́n ń fún sínú iṣan láti mú kí kókó tàbí ibi tí kòkòrò wà hàn, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti mú kí omi ibẹ̀ tètè san gbèsè. Bí a bá wá lo STIR lẹ́yìn oògùn náà, ibi tí a ná owó sí láti rí ni yóò pa rẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo gadolinium, ọ̀nà mìíràn ni kí ó fi pa ọ̀rá lẹ́nu mọ́.

Ọmọ méjì tí ń yí igi obì ká

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni ti Thomas Dixon, ará Amẹ́ríkà, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1984. Òun kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ìṣirò ni ó fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ká fojú inú wo ọmọ méjì tí ń sáré yí igi obì ká. Ọ̀kan yá díẹ̀ ju èkejì lọ. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ọ̀kan á wà níhà ìlà-oòrùn igi nígbà tí èkejì wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Tó bá tún ṣe díẹ̀, èyí tí ó yá á lé èkejì bá, wọ́n á tún wà lójú kan. Nínú òòfà 1.5 Tesla, omi àti ọ̀rá ń dojú kọ ara wọn lẹ́yìn nǹkan bíi 2.3 nínú ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n sì ń pàdé lẹ́yìn 4.6.

Nígbà tí wọ́n bá pàdé, ohùn wọn ń ro pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dojú kọra, ohùn ọ̀kan ń jẹ nínú ti èkejì. Ká ní àpapọ̀ ohùn ibì kan jẹ́ 10, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 4. Bí a bá ro 10 àti 4 pọ̀ tí a pín in sí méjì, omi jẹ́ 7. Bí a bá yọ 4 kúrò nínú 10 tí a pín in sí méjì, ọ̀rá jẹ́ 3. A ti ní àwòrán omi láìsí ọ̀rá, a sì tún ní ti ọ̀rá láìsí omi, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni pé ẹ̀rọ lè má mọ ẹni tí í ṣe 7 àti ẹni tí í ṣe 3. Àwọn onímọ̀ ti wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti fi mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà a máa ṣì wọ́n mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìdajì ẹsẹ̀ kan yóò jẹ́ omi, tí ìdajì yòókù yóò jẹ́ ọ̀rá. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹsẹ̀ ṣe rí kò ní jẹ́ kí ìyẹn tan òun.

Ọ̀rọ̀ ìyá àti orúkọ tí a ó sọ ọ́

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ìyá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ pupa ń tètè kú, mùdùnmúdùn sì ń ṣiṣẹ́ àṣekún láti rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà mùdùnmúdùn pupa tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kì í tètè fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rá bí ó ti ń rí lára ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ṣẹ́po bíi dòjé a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí orí egungun itan, egungun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, X-ray lè máà fi nǹkan kan hàn. Omi inú mùdùnmúdùn ni ó máa ń kọ́kọ́ ké, òun sì ni STIR ń gbọ́. Bí a bá tètè mọ̀, a lè gbé ìwúwo kúrò lórí ẹsẹ̀ náà, kí oníṣègùn egungun sì wò ó kí orí egungun náà tó wó. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé STIR nìkan kò lè sọ bóyá egungun tí ń kú ni tàbí kòkòrò tí ó wọ inú rẹ̀, nítorí pé omi ni àwọn méjèèjì ń fà wá, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibà ara àti àwọn àwòrán yòókù ni a ó fi kún un.

Ní ti orúkọ, mo ti gbé ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan yẹ̀ wò. Yíyọ ọ̀rá ni ó yá lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí ó ṣe. Kódà bí a bá gbọ́ ọ dáadáa, irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tí a bá yọ kì í sí níbẹ̀ mọ́. Títẹ ọ̀rá rì ni ó sún mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì jù. Àmọ́ ohun tí a bá tẹ̀ rì lójú Yorùbá, a fẹ́ pa á run ni, ó sì ń dẹ́rù bani létí aláìsàn. Pípa lẹ́nu mọ́ ni ó sọ òtítọ́ iṣẹ́ náà: ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ ṣì jókòó sílé. Ó tún bá ohùn mu, èyí tí í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Ẹnìkan lè sọ pé ó gùn jù fún ìwé àbájáde. Mo gbà, ẹni tí ó bá ní èyí tí ó kúrú jù ú lọ, kí ó mú un wá. Ní ti STIR, mo ti ń pè é ní àwòrán òṣómàáló láàárín èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò retí pé ìgbìmọ̀ èdè-ìperí kankan yóò fọwọ́ sí i.

Ìyá àgbà yẹn kò béèrè nípa orúkọ. Nígbà tí mo sọ ti òṣómàáló dé ibi tí ọ̀rá ti bọ́ nínú gbèsè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ṣe iṣẹ́ náà títí dé òkè Ọya. Lẹ́yìn náà ni ó fa àwòrán náà sún mọ́ ojú, ó sì fi ọwọ́ kan ibi funfun kékeré tí ó wà ní orí egungun itan òsì. ‘Èyí tí kò tíì san gbèsè ńkọ́?’ Mo ní, ‘Ibẹ̀ ni ó ń dùn ún, Yèyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí ó padà wá fún.’ Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ Iléṣà, ìwé àbájáde náà wà nínú àpò ìyá.